Ojú lọ̀rọ̀ wà: ẹ wá ká sọ̀rọ̀ nípa The Untamed, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó àtẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀

FèrèDúdú · Oṣù Kẹta ọjọ́ 3, aago 6:52 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Aago méjì òru ni mo parí The Untamed lẹ́ẹ̀kẹta, oorun ò sì kùn mí títí ilẹ̀ fi mọ́. Nílé wa, èmi nìkan ni mò ń wo eré Ṣáínà, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kó ọ̀rọ̀ náà wá síbí.

Fún ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ rí: apá 50 ni eré náà. Tencent Video ló gbé e jáde ní Ṣáínà lọ́dún 2019, láti ìparí oṣù kẹfà wọ oṣù kẹjọ, nígbà tó sì fi máa di oṣù kẹwàá, ó ti dé orí Netflix. Chén Qíng Lìng ni wọ́n ń pè é nílé. Ìwé ìtàn kan tí Mo Xiang Tong Xiu kọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n sọ di eré. Ọ̀dọ́kùnrin méjì ló wà nídìí ẹ̀. Wei Wuxian, tí Xiao Zhan ṣe, ẹnu ẹ̀ kì í dákẹ́, etí ẹ̀ kì í gbọ́ tàwọn àgbà, àmọ́ kò lè rí ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ kó gbójú kúrò. Lan Wangji, tí Wang Yibo ṣe, kì í lanu tó bá lè fi orí dáhùn. Òfin 3,000 ni wọ́n gbẹ́ sára òkúta nílé wọn, gbogbo ẹ̀ ló sì mọ̀ lórí.

Ìran tó gba oorun lójú mi ni ti òjò. Ojú ọ̀nà ni, lóru, òjò ń dà bí ẹni pé wọ́n ń tú u láti inú agbada. Wei Wuxian ti lọ kó àwọn tó ṣẹ́ kù nínú ìdílé Wen jáde ní àgọ́ tí wọ́n ti ń lù wọ́n pa. Àwọn arúgbó àtàwọn aláìlera wà nínú wọn. Orí ẹṣin ni wọ́n wà. Lan Wangji nìkan ló dúró sójú ọ̀nà, agbòòrùn lọ́wọ́ ẹ̀. Ó mọ̀ pé tí ọmọkùnrin yìí bá fi lè kọjá ibi tóun dúró sí, gbogbo ìdílé ńlá ló máa kẹ̀yìn sí i. Ó bi í bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe. Wei Wuxian ní bó bá di pé òun máa kú, ọwọ́ ẹ̀ ni kóun kúkú kú sí. Lan Wangji ò tún sọ nǹkan kan. Ó yẹ̀ fún un. Ẹṣin ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n lọ tán ni agbòòrùn já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tí òjò wá ń lù ú lójú, èèyàn ò wá mọ èyí tó jẹ́ omi òjò mọ́ àtèyí tó jẹ́ ẹkún.

Kò pariwo, kò ní «má lọ». Àwọn àgbà wa ló ní ojú lọ̀rọ̀ wà, mi ò rí eré tó mú ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ tó báyìí rí. Ìran wo ló di ẹ̀yin mú?

Àbẹ̀kẹ́_ÒkèÀdó · Oṣù Kẹta ọjọ́ 3, aago 8:10 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Fèrè, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti bẹ̀rẹ̀ eré yìí, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni mo jáwọ́ ní apá kejì. Ẹnì kan já bọ́ látorí òkè, ó kú. Wọ́n ní ọdún 16 ti kọjá. Ó jí sínú ilé àwọn kan tí mi ò mọ̀, ó bo ojú. Àwọn ọmọ kan dé, aṣọ funfun ni gbogbo wọn wọ̀, irun gbogbo wọn gùn dé ìdí, ẹni kọ̀ọ̀kan ní orúkọ méjì sí mẹ́ta. Mi ò mọ ọmọ ta ni ta. Ṣé bó ṣe máa ń bá a lọ nìyẹn títí dé ìparí? Dátà ti wọ́n o.

FèrèDúdú · Oṣù Kẹta ọjọ́ 3, aago 8:34 àárọ̀

Àbẹ̀kẹ́, má jáwọ́, jọ̀ọ́. Àárín ìtàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Láti apá kẹta ni wọ́n ti mú wa padà sígbà tí wọ́n wà lọ́dọ̀ọ́, tí wọ́n lọ kẹ́kọ̀ọ́ nílé àwọn Lan ní Gusu, apá 33 la sì tó padà débi tí wọ́n ti fi wá sílẹ̀. Ohun tó ò mọ̀ lónìí, àwọn náà fẹ́ kó o máà mọ̀ ọ́n ni.

Má kọ́ orúkọ sórí. Aṣọ ni kó o máa wò. Funfun pẹ̀lú ọ̀já níwájú orí, Lan nìyẹn. Élésè àlùkò, Jiang ti Yunmeng. Aláwọ̀ wúrà, Jin. Pupa tí wọ́n ya oòrùn sí, Wen, wàá sì tètè mọ ìdí tí gbogbo ayé fi ń sá fún wọn. Tó o bá parí apá 33, ṣe mí ní oore kan: padà lọ wo ìparí apá kejì. Níbi tó ti ń fi ọparun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé fọn fèrè tí kò dùn létí rárá, tí orin kan wá yọ́ jáde láìmọ̀, tí ẹnì kan sì di ọwọ́ ẹ̀ mú. Wo ojú ẹni tó dì í mú.

Ehoro_Gusu · Oṣù Kẹta ọjọ́ 3, aago 12:20 ọ̀sán

Mo kín ẹ̀gbọ́n lẹ́yìn. Dátà òru ni mo fi gba gbogbo ẹ̀ sórí fóònù, apá mẹ́rin mẹ́rin lálẹ́.

Tèmi ni ìran orí òrùlé. Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé. Wei Wuxian pẹ́ wọlé, ó gun ògiri, ó sì gbé ọtí tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀rín Ọba dání, níbi tí ọtí ti jẹ́ èèwọ̀. Lan Wangji yọ sí i. Wei Wuxian ní kó gba ìgò kan kó ṣe bí ẹni tí kò rí òun. Ẹ wo ojú Lan Wangji nígbà tó gbọ́ ìyẹn! Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé ẹ̀. Ìjà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àmọ́ mo gbà pé alẹ́ yẹn ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

BàbáÀjàní · Oṣù Kẹta ọjọ́ 3, aago 9:05 alẹ́

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Ẹ má bínú pé mo dá sí ọ̀rọ̀ yín. Ọmọ mi obìnrin, ọdún 17, kò fi eré yìí sílẹ̀ láti ìgbà ọlidé. Ẹnì kan wá sọ fún mi pé ìtàn ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin ni. Mi ò wá bú ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tí ọmọ mi ń wò lẹ́nu ẹni tó ti wò ó.

FèrèDúdú · Oṣù Kẹta ọjọ́ 3, aago 10:41 alẹ́

Bàbá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Mo dúpẹ́ pé ẹ béèrè. Mi ò ní fi nǹkan kan pa mọ́ fún yín.

Nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Àwọn méjèèjì fẹ́ràn ara wọn, wọ́n sì di tọkọtaya. Irú ìtàn tí wọ́n ń pè ní danmei ni, àwọn obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kọ ọ́ àtàwọn tó ń kà á. Àmọ́ àwọn tó ń yẹ eré wò ní Ṣáínà kì í gbà kí ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn nínú fíìmù. Àwọn tó kọ eré wá sọ ọ́ di zhījǐ, ìyẹn ẹni tó mọ inú ẹni. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Ìtàn àtijọ́ kan wà nípa Bo Ya tó máa ń ta ohun èlò olókùn, tí Zhong Ziqi sì máa ń gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn ẹ̀ látinú orin náà láìjẹ́ pé ó sọ ọ́. Ọjọ́ tí Ziqi kú, Bo Ya fọ́ ohun èlò ẹ̀, ó ní ta lòun tún fẹ́ ta á fún. Lan Wangji náà ń ta gùqín olókùn méje, Wei Wuxian ń fọn fèrè. Ẹ rí i pé kì í ṣe ohun tí wọ́n já gbà lójijì.

Ohun tó mú mi lọ́kàn rèé, Bàbá. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kúrò lẹ́nu wọn. Wọ́n tún gba ohùn wọn pàápàá, torí ohùn tí à ń gbọ́ kì í ṣe ti Xiao Zhan àti Wang Yibo. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe púpọ̀ nínú eré Ṣáínà nìyẹn: Lu Zhixing ló sọ̀rọ̀ fún Wei Wuxian, Bian Jiang ló sọ ọ́ fún Lan Wangji. Kí ló wá ṣẹ́ kù fún òṣèré? Ojú, ọwọ́, bó ṣe dúró, bó ṣe mí. Ohun tí wọ́n fi sọ gbogbo ìtàn yẹn fún mi nìyẹn, mo sì gbọ́ ọ yékéyéké.

Kò sí ìhòòhò nínú ẹ̀, kò sí ìfẹnukonu láàárín àwọn méjèèjì. Ìjà wà, òkú wà, ọ̀fọ̀ pọ̀ gan-an. Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, màá jókòó tì í, màá bá a wò ó.

BàbáÀjàní · Oṣù Kẹta ọjọ́ 4, aago 6:15 àárọ̀

Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Èrò tèmi nípa irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, mi ò sì ní tan yín. Àmọ́ màá jókòó tì í lópin ọ̀sẹ̀.

OníYiwu · Oṣù Kẹta ọjọ́ 4, aago 3:30 ọ̀sán

Yiwu ní Ṣáínà ni mo ń gbé, ọjà ni mò ń kó ránṣẹ́ sí Balógun. Mi ò mọ̀ pé àwọn èèyàn wa ń wo eré yìí! Hengdian tí wọ́n ti ya púpọ̀ nínú ẹ̀ ò jìnnà sí wa, ìpínlẹ̀ Zhejiang kan náà ni, ọkọ̀ máa ń gbé èèyàn débẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan. Oṣù keje ni mo lọ. Ẹ ò lè rò ó bó ṣe tóbi tó. Wọ́n kọ́ ààfin àwọn ọba Beijing síbẹ̀ látòkè délẹ̀, wọ́n kọ́ ààfin ọba Qin, àtẹ̀gùn ẹ̀ nìkan lè mú èèyàn mí hẹlẹ. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń háyà aṣọ ayé àtijọ́, wọ́n á máa ya fọ́tò. Mo rí ọmọbìnrin kan tó wọ funfun, tó so ọ̀já mọ́ iwájú orí, ọ̀rẹ́ ẹ̀ wọ dúdú, ó mú fèrè dání. Mo mọ̀ wọ́n lójú ẹsẹ̀, àwọn náà sì rí i pé mo mọ̀ wọ́n. A jọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní kí n bọ́ sáàárín àwọn, a jọ ya fọ́tò.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni àwọn tó ń ṣe ọmọ ogun àti ará ọjà nínú eré. Héngpiāo ni wọ́n ń pè wọ́n, àwọn tó fi ìlú wọn sílẹ̀ wá síbẹ̀ torí kí wọ́n lè dòṣèré lọ́jọ́ kan. Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn nínú ìhámọ́ra, wọ́n ń jẹ ìrẹsì nínú ike. Ooru ọjọ́ yẹn, sẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo ni mo wọ̀, ó rin gbindin. Oṣù kẹrin sí oṣù kẹjọ ọdún 2018 ni wọ́n ya The Untamed, àárín ooru yẹn náà ni! Aṣọ ìpele mẹ́ta, irun tí wọ́n lẹ̀ mọ́rí, wọ́n sì ń fò, wọ́n ń jà. Láti ọjọ́ náà, tí mo bá rí Lan Wangji tó dúró ṣinṣin bí ère, ọ̀wọ̀ ni mo ń fi wò ó.

Olùkọ́Ohùn · Oṣù Kẹta ọjọ́ 5, aago 7:48 alẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń kọ́ Mandarin, mo sì ní nǹkan kan láti sọ fún ẹ̀yin tó ń fi ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń yọ nísàlẹ̀ wò ó: etí yín mọ̀ ju ìwé yẹn lọ.

Ohùn mẹ́ta la ní, mẹ́rin ni tiwọn, pẹ̀lú ọ̀kan tí kò lágbára. Bí ọkọ́ ò ṣe jẹ́ ọkọ̀ lọ́dọ̀ wa, bẹ́ẹ̀ ló rí lọ́dọ̀ wọn. Lán Zhàn: Lán gòkè, Zhàn já wálẹ̀. Wèi Yīng: Wèi já wálẹ̀ látòkè, Yīng dúró sókè, kò mì. Ẹ di ojú yín, kẹ́ ẹ gbọ́ bí Lan Wangji ṣe ń pe «Wèi Yīng» láti apá kẹta dé ìparí. Ohùn yẹn ò ní yí, àmọ́ ìwúwo ẹ̀ ń yí. Ìgbà kan ìbínú ni, ìgbà kan ẹ̀rù, ìgbà kan bí ẹni pé ó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó ṣì wà láàyè.

Orúkọ wá ńkọ́? Wei Ying lorúkọ àbísọ ẹ̀. Wuxian lorúkọ tí wọ́n fún un pé káwọn èèyàn ìta máa pè. Lan Zhan ni àbísọ ti èkejì, Wangji ni ti ìta, Hanguang-jun sì ni oyè ẹ̀. Kéèyàn ṣàdédé pe àbísọ ẹnì kan, àfojúdi ni tàbí ìfẹ́. Àwọn àgbà tó ń bínú náà ń pè é ní Wei Ying, ẹ wá gbọ́ bó ṣe yàtọ̀ sí ti ẹnu Lan Wangji. Ṣé àwa náà ò mọ èyí ni? Ta ló ń pè ẹ́ ní oríkì ẹ, bí kò ṣe ìyá ẹ, ìyá àgbà, tàbí ẹni tó gbé ẹ sọ́kàn? Wei Wuxian fi «Lan Zhan» yọ ọ́ lẹ́nu ní Gusu. Nígbà tó máa fi di apá 40 ó lé, ẹ ò ní lè gbọ́ ọ kí ọkàn yín máà rọ̀.

Shījiě tí Wei Wuxian ń pe Jiang Yanli, ọmọbìnrin ilé Jiang tí wọ́n jọ dàgbà, Gẹ̀ẹ́sì ò ní in. Ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà ni. Ọmọ Yorùbá tó bá ti kọ́ṣẹ́ rí, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ẹ̀ fún.

Àkọlé eré náà wá ńkọ́? Chén ni kéèyàn tẹ́ nǹkan sílẹ̀ kí gbogbo ayé rí i, qíng ni ohun tó wà nínú. Chénqíng lorúkọ fèrè dúdú Wei Wuxian. Ìtàn tí wọn ò jẹ́ kó tú inú ẹ̀ síta, wọ́n sì fi títú inú síta ṣe orúkọ ẹ̀.

FèrèDúdú · Oṣù Kẹta ọjọ́ 5, aago 8:02 alẹ́

Olùkọ́, mo wo eré yìí lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò mọ ti àkọlé yìí. Mo ń padà lọ gbọ́ gbogbo «Wèi Yīng».

Àbẹ̀kẹ́_ÒkèÀdó · Oṣù Kẹta ọjọ́ 9, aago 1:17 òru

Mo ti kọjá ibi tí wọ́n jó Ibùdó Lótọ́ọ̀sì, ilé àwọn Jiang. Mi ò lè sùn. Ilé tí wọ́n ti ń jẹ ọbẹ̀ lánàá, iná ti jó o. Ìyá wọn tó máa ń jágbe mọ́ Wei Wuxian ṣáá, òun ló tì wọ́n sínú ọkọ̀ ojú omi, ó sì fún ọmọ ẹ̀ ní òrùka tó ń di pàṣán. Obìnrin tí mo ti bínú sí látọjọ́ yìí! Ẹ ò sì sọ fún mi.

Ehoro_Gusu · Oṣù Kẹta ọjọ́ 9, aago 6:30 àárọ̀

Pẹ̀lẹ́, Àbẹ̀kẹ́. Gbogbo wa la sunkún níbẹ̀.

ÌyáÌbejì_Peckham · Oṣù Kẹta ọjọ́ 9, aago 2:55 ọ̀sán

Ẹ ti sọ̀rọ̀ ohùn, ẹ ti sọ̀rọ̀ orúkọ. Ọbẹ̀ ni tèmi. Ẹni tó bá wo eré yìí mọ ọbẹ̀ Jiang Yanli, gbòǹgbò lótọ́ọ̀sì pẹ̀lú egungun ìhà ẹlẹ́dẹ̀. Nígbà tí mo rí i lẹ́ẹ̀kẹrin, mo dìde, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù àwọn ará Ṣáínà.

Bí iṣu kéékèèké tí wọ́n so pọ̀ ni gbòǹgbò náà rí, ẹrẹ̀ ṣì wà lára ẹ̀. Mo bó o, mo gé e: ihò ihò ni inú ẹ̀, bí ajere. Nígbà tí mo ya ègé kan kúrò lára èkejì ni mo rí i pé wọn ò tíì ya tán. Okùn kan wà láàárín wọn, ó fẹ́lẹ́ bíi ti aláǹtakùn. Mo fà á díẹ̀, ó ń gùn, kò já. Mo gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Àwọn ará Ṣáínà ní ọ̀rọ̀ kan pé gbòǹgbò lótọ́ọ̀sì já, okùn inú ẹ̀ ò já, àwọn tí wọ́n yà nípa tí ọkàn wọn ò ya ni wọ́n fi ń bá wí. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni mo fi ọwọ́ mi kàn án.

Ata ilẹ̀ àti iyọ̀ nìkan ni mo fi sí i, mo sè é fún wákàtí méjì lórí iná kékeré. Mi ò fi ata gidi sí i, mo fẹ́ jẹ ẹ́ bí Yanli ṣe sè é. Ó rọ̀ bíi kókò tó jinná, omi ẹ̀ sì dùn. Ẹni tí kò bá ń jẹ ẹlẹ́dẹ̀ lè lo ìhà màlúù. Àwọn ìbejì mi bi mí pé ọbẹ̀ kí nìyí. Mo ní ọbẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n máa ń tọ́jú ti àbúrò sílẹ̀ dè é ni.

Ọmọ_Yunmeng · Oṣù Kẹta ọjọ́ 11, aago 11:20 àárọ̀

Àbẹ̀kẹ́, má ka eléyìí, kò tíì kàn ẹ́.

Mo fẹ́ gbèjà Jiang Cheng, àbúrò Yanli, tí òun àti Wei Wuxian jọ dàgbà. Gbogbo ibi tí mo bá dé ni wọ́n ti ń sọ ọ́ ní òkò. Ọmọ tí wọ́n pa bàbá àti ìyá ẹ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, tí wọ́n jólé ẹ̀, tí wọ́n yọ́ agbára tó ti ń kọ́ láti kékeré dànù nínú ara ẹ̀. Ìwé jẹ́ ká mọ ohun tó gbé e dé ọwọ́ àwọn Wen: ó rí i pé wọ́n fẹ́ mú Wei Wuxian, ló bá yọ ara ẹ̀ sí wọn kí wọ́n lè sáré tẹ̀ lé òun. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni títí ayé. Wei Wuxian náà ní kí Wen Qing, dókítà ìdílé Wen, yọ agbára tòun fún un, òru méjì àti ọ̀sán kan, ojú ẹ̀ là kedere, òun náà ò sọ. Ẹni méjì tí wọ́n fẹ́ kú torí ara wọn, tí ẹnì kankan ò mọ ti ẹnì kejì. Báwo lẹ ṣe máa gbé ẹ̀bi yẹn lé orí ọ̀kan?

Ehoro_Gusu · Oṣù Kẹta ọjọ́ 11, aago 1:02 ọ̀sán

Mi ò kórìíra ẹ̀. Àmọ́ nínú ìwé, òun ló kó ogun lọ bá Wei Wuxian lórí Òkè Ìsìnkú, níbi tó kó àwọn Wen tó ṣẹ́ kù pamọ́ sí. Àwọn arúgbó tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń gbin ewébẹ̀ jẹ, kí ni wọ́n ṣe fún un? Ìbànújẹ́ ò fúnni láṣẹ láti bínú sí ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ìyẹn gan-an ni Wei Wuxian rí tóun ò rí.

Ọmọ_Yunmeng · Oṣù Kẹta ọjọ́ 11, aago 1:40 ọ̀sán

Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ó ṣẹ̀. Àmọ́ fèrè yẹn ńkọ́? Ẹni tó ń sọ fún gbogbo ayé pé òun kórìíra Wei Wuxian, ó tọ́jú fèrè ẹ̀ fún ọdún 16. Wọ́n dé inú tẹ́ńpìlì, ó mú un jáde, ó sì dá a padà fún un. Kò ṣàlàyé. Ẹ wo ojú òun náà níbẹ̀, kì í ṣe ti Lan Wangji nìkan.

Ehoro_Gusu · Oṣù Kẹta ọjọ́ 11, aago 1:47 ọ̀sán

O mú mi níbẹ̀ yẹn. Màá tún un wò.

Ìtàkùn_Wúrà · Oṣù Kẹta ọjọ́ 12, aago 9:14 alẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ parí tẹ́ ẹ ń wá òmíràn: Guardian, ọdún 2018, apá 40, lórí Youku tó jẹ́ ìkànnì fídíò ní Ṣáínà, Bai Yu àti Zhu Yilong. Owó tí wọ́n fi ṣe é ò pọ̀, ó hàn, àmọ́ Zhu Yilong tó èèyàn lójú wò. Wọ́n yọ ọ́ kúrò fúngbà díẹ̀ lọ́dún yẹn náà kí wọ́n tó dá a padà. Word of Honor, ọdún 2021, apá 36, Youku náà, Zhang Zhehan àti Gong Jun. Inú ìwé òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Priest ni wọ́n ti mú àwọn méjèèjì. Nínú Word of Honor, ohun tí ẹnu òṣèré ń sọ àti ohun tí etí ń gbọ́ ò bára mu láwọn ibì kan, torí wọ́n yí ọ̀rọ̀ padà nígbà tí wọ́n ń fi ohùn sí i. Àwọn tó ń wò ó ní Ṣáínà wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ètè. Wọ́n á dá a dúró, wọ́n á tún un wò, títí wọ́n á fi mọ ohun tó sọ gan-an.

Ó dùn mí pé mi ò lè tọ́ka sí tuntun tó pọ̀. Lọ́dún 2016, wọ́n ti dá Addicted dúró kó tó parí, apá 12 nínú 15 ló jáde. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2021, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Ṣáínà pàṣẹ pé kí wọ́n dẹ́kun sísọ irú ìwé wọ̀nyí di eré. Immortality, tí Luo Yunxi àti Chen Feiyu ṣe, wọ́n ti yà á tán ṣáájú àṣẹ yẹn. Inú àpótí ló wà. Mo máa ń ronú nípa àwọn tó rán aṣọ ẹ̀.

FèrèDúdú · Oṣù Kẹta ọjọ́ 12, aago 10:30 alẹ́

Ìdí nìyẹn tí mo fi ka The Untamed sí ẹ̀bùn. Ojú fèrèsé tó ṣí díẹ̀ ló gbà kọjá.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀ yín lórí ohun kan: ẹ jẹ́ ká fi àwọn òṣèré náà sílẹ̀ kí wọ́n gbé ayé wọn. Ní oṣù kejì ọdún 2020, inú bí àwọn kan tó fẹ́ràn Xiao Zhan sí ìtàn tí ẹnì kan kọ nípa ẹ̀, wọ́n lọ fẹjọ́ sùn. Kí oṣù yẹn tó parí, wọ́n ti dí ọ̀nà Archive of Our Own pa ní Ṣáínà, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń kọ ìtàn sí. Àwọn tó pàdánù ibẹ̀ wá kọjú ìbínú sí Xiao Zhan, ẹni tí kò kọ ìtàn, tí kò fẹjọ́ sùn. Ìfẹ́ wa ò gbọ́dọ̀ di ẹrù lórí ẹni tá a fẹ́ràn.

BàbáÀjàní · Oṣù Kẹta ọjọ́ 16, aago 5:50 ìrọ̀lẹ́

Mo ní màá jókòó tì í, mo sì jókòó. A ti dé apá 28. Ọmọ mi ló ń sọ fún mi ta ni ta.

Ohun tí mo rí ni ọmọ kékeré yẹn, A-Yuan. Ó sọnù láàárín ọjà, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ Lan Wangji, ó ń ké. Àwọn èèyàn yí wọn ká, wọ́n rò pé bàbá ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà dúró bí igi, kò mọ ibi tó máa fi ọwọ́ sí. Lẹ́yìn náà ló ra ohun ìṣeré fún un. Bí mo ṣe gbé Àjàní lọ́jọ́ tí wọ́n bí i nìyẹn, mo dúró lójú kan, ẹ̀rù ń bà mí kí n má mí lé e lórí. Mo sọ fún ọmọ mi, ó wò mí, ó ní òun ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. A dá eré dúró, a sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí a ti jọ ń jẹun alẹ́ nídìí ẹ̀.

Ẹ má sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ náà fún mi.

FèrèDúdú · Oṣù Kẹta ọjọ́ 16, aago 6:03 ìrọ̀lẹ́

A ò ní sọ, Bàbá. Ẹ kí i fún wa.

Àbẹ̀kẹ́_ÒkèÀdó · Oṣù Kẹta ọjọ́ 22, aago 12:48 òru

Mo ti parí ẹ̀.

Wọ́n pínyà lórí òkè, inú bí mi. Mo ní ṣé gbogbo ohun tá a rí yìí, ibi tó máa já sí nìyí? Nínú ìwé wọ́n jọ lọ, ní tẹlifíṣọ̀n ọ̀kan gba ibí, ọ̀kan gba ọ̀hún. Wei Wuxian wá dúró nìkan, ó ń fọn fèrè, orin yẹn náà. Ẹnì kan pè é látẹ̀yìn: «Wèi Yīng». Wọn ò fi ẹni tó pè é hàn wá. Òun nìkan la rí. Ó dúró. Ó yí padà díẹ̀díẹ̀, ó rí ẹni náà, ojú ẹ̀ sì là, ó rẹ́rìn-ín. Ó parí.

Mo tún un wò bí ẹ̀ẹ̀mẹfà. Màámi tají, wọ́n ní ta ló ń bá mi sọ̀rọ̀ lóru.

FèrèDúdú · Oṣù Kẹta ọjọ́ 22, aago 12:55 òru

Mi ò tíì sùn, mo ti mọ̀ pé alẹ́ yìí ni. Àbẹ̀kẹ́, o rántí oore tí mo ní kó o ṣe mí? Ìparí apá kejì.

Àbẹ̀kẹ́_ÒkèÀdó · Oṣù Kẹta ọjọ́ 22, aago 12:57 òru

Orí ẹ̀ ni mo wà báyìí, ẹ̀gbọ́n. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọwọ́ ẹ̀ mú ni.